Mojí, Owó Ọjà Àlàájà Lo Fi Dúpẹ́

Atosin, Ìdànrè,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìkórè.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní kọ́kọ́ bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, torí èmi tí mo fẹ́ béèrè gan-an, ara mi ò tíì balẹ̀. Láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àyà mi ti ń já. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Bí mo bá ń da omi sínú ìkòkò, ohùn rẹ ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì wa: "Gbogbo owó tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ tí mo ti ṣí i ni mo gbé wá yìí, àkọ́so fún Olúwa." Gbogbo! Mojí, o ní gbogbo!

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ mi, torí ìwọ ò rí mi, ẹ̀yìn lo kọ sí wa. Mo rí ọmọ mi nínú sùtánà funfun, ó gbé apẹ̀rẹ̀ tó fi rìbọ́ọ̀nù wé rù, ó ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Inú mi ń dùn. Mo ti ń tún gèlè mi wé kí n lè jáde wá bá ọ jó. Mo rò pé iṣu ló wà níbẹ̀, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, bíi ti àwọn yòókù. Ìgbà tí o ṣí i tí owó fara hàn, tí o wá sọ ohun tí o sọ yẹn, mo padà jókòó. Gbogbo ìjọ ń kígbe halelúyà. Ìyá Àdúrà dì mọ́ mi, ó ní, "Ìyá Mojí, ẹ kú oríire ọmọ!" Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi. Ẹkún ìpayà ni, ọmọ mi. Mo mọ ẹni tó ni owó tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn.

Mo mọ̀ ọ́n torí èmi ni mo mú ọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí o ní o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò oko sí Aládé, pé àwọn àgbẹ̀ kòkó ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí bàtà òjò rà, orí mi wú. Ṣùgbọ́n kò sí owó lọ́wọ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ mi. Àlàájà Sàlámátù tó ní ìsọ̀ ńlá nídìí ibùdókọ̀ ló kó ọjà fún ọ: tapólì tí wọ́n ń sá kòkó sí, pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fín in, àdá, bàtà òjò, àpò. Ó ní kí o tà á, kí o wá san owó rẹ̀ bí àsìkò kòkó bá ń parí lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ kó tó kó o fún ọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́. Mo ní, "Mojí, kí lo ṣẹ́kù sílé?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Kò sí nǹkan kan, Màámi. Àkọ́so ni. Wọ́n ní kí a má ṣe bù ú kù."

Mo ní, "Owó Àlàájà ńkọ́?"

O ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ọjà tí mo bá tà lẹ́yìn èyí la ó fi san ti Àlàájà. Eléyìí tó kọ́kọ́ wọlé, èrè ni."

Yéè! Èrè! Mi ò mọ ìgbà tí mo káwọ́ lérí. Mi ò mọ ìgbà tí igbe jáde lẹ́nu mi. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ yíjú wò wá, mo sì mọ̀ pé ojú tì ọ́. O gun ọ̀kadà lọ sí Aládé láìdágbére, láti ìgbà náà ni fóònù rẹ ti ń dún tí ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ohun kan ṣoṣo tí o fi ránṣẹ́ ni pé, "Màámi, ẹ ò nígbàgbọ́." Mo nígbàgbọ́, Mojí. Owó Àlàájà ni mi ò ní.

Bí mo bá fohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí wásáàpù, mo mọ̀ ọ́, o ó tẹ ohun tí ẹ máa ń tẹ̀ tí ohùn ènìyàn fi ń sáré bíi ti ẹyẹ, o ó sì ní o ti gbọ́. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ìwé mi ò dáa lójú rárá, nítorí náà o ò ní lè yára kà á. O ti ka ìwé dé Pólì ní tìrẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ni wọ́n ti fi òyìnbó kọ́ ọ níbẹ̀, o sì yege. Mo rò pé ẹni tó mọ orúkọ nǹkan ti mọ nǹkan náà. Háà, àṣìṣe ńlá ni mo ṣe. Jẹ́ kí n wá fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ òwò epo lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni owó ọjà. Owó ọjà ni gbogbo owó tí oníbàárà bá nà sí ọ kó tó gbé ohun tó rà lọ. Ká ní Àlàájà ka tapólì kan fún ọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, o wá tà á fún àgbẹ̀ kan ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ẹgbẹ̀rún méjìlá tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, owó ọjà ni. Dì í mú, wò ó dáadáa, má tíì fò sókè. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ jẹ́ ti Àlàájà. Ó ku méjì. Nínú méjì yẹn lo ti máa san owó ọkọ̀ tó kó ẹrù dé Aládé, owó ṣọ́ọ̀bù, owó iná, owó dátà tí o fi ń gbé àwòrán àdá sórí fóònù. Owó ìnáwó là ń pe ìyẹn. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òun nìkan ló ń jẹ́ èrè. Bóyá ẹgbẹ̀rún kan. Bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, torí mo ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá ti pè ọ́ ní "Sísítà" lò ń dín owó fún. Ẹ̀dínwó náà, inú méjì yẹn ló ti ń jáde. Kò jáde látọ̀dọ̀ Àlàájà.

Ṣé o rí ohun tó bà mí lẹ́rù báyìí? Nínú méjìlá tí o gbé jó lọ síwájú pẹpẹ, bóyá ọ̀kan ló jẹ́ tìrẹ. Ọ̀kan, Mojí! Mo jókòó síbi tí mo ń ka ìyẹn lórí ìka mi, orí mi ń yí.

Má rò pé mò ń bá ọ jà lórí àkọ́so. Ta ló kọ́ ọ ní àkọ́so bí kò ṣe èmi? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni nígbà tí kòkó tuntun tí bàbá bàbá rẹ gbìn kọ́kọ́ so. Ojú mi ló ṣe. Bàbá gé àwọn èso tó kọ́kọ́ pọ́n, ó tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, ó rù wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú omijé ayọ̀. Èso ni Bàbá gbé lọ. Kò hú igi kòkó. Kò gbé àdá tó fi gé e lọ, torí alágbẹ̀dẹ tó rọ àdá náà ò tíì gbowó. Bí ẹnì kan bá sọ fún Bàbá nígbà náà pé ọmọ ọmọ rẹ̀ kan yóò gbé igi, èso àti àdá alágbẹ̀dẹ lọ síwájú Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ní kí onítọ̀hún lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ojú owó. Ìyẹn ni owó tàbí ọjà tí a fi bẹ̀rẹ̀ òwò, èyí tí a kì í jẹ, torí òun ló ń bí àwọn yòókù. Lórí èyí, mo lè sọ tèmi, kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ nìkan lo ya òpè láyé.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, bàbá rẹ ta kòkó, ó fún mi lówó kí n fi bẹ̀rẹ̀ epo pupa. Mo ra epo, ọjà sì tà. Inú agolo mílíìkì ni mò ń kó owó sí. Lójoojúmọ́ ni mò ń tọwọ́ bọ agolo. Mo fi ra ẹja. Mo fi ra bàtà. Àna mi wá kí wa, mo pa adìẹ fún wọn, mo tún fún wọn lówó ọkọ̀. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ìyàwó yìí lówó lọ́wọ́, èmi náà sì gbà wọ́n gbọ́. Ọjọ́ tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń fún epo, mo da agolo dé sórí ẹní. Owó tó wà níbẹ̀ ò ra ìdajì epo tí mo kọ́kọ́ rà. Mo wo ìyá náà, ìyá náà wò mí. Mo ní, "Ṣé epo ti gbówó lórí ni?" Ó ní, "Iye tí o rà á níjọ́sí náà ni." Mo ti jẹ ojú owó pẹ̀lú ẹja àti adìẹ, mo sì rò pé èrè ni mò ń jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní agolo méjì. Èyí tí mo máa fi ra epo mìíràn wà nínú ọ̀kan, mo sì gbé e síbi tí ọwọ́ mi ò ti yá a dé. Ìwọ tìrẹ, fóònù lè ṣe é fún ọ. Ṣí àkáǹtì méjì. Bí owó ọjà bá ti wọlé, kí o tó jẹun alẹ́, kí o ti pín in.

Ọ̀rọ̀ kẹta kò gùn: owó iṣẹ́ rẹ. O sọ fún mi pé o kì í gba owó oṣù torí ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù. Kò burú. Ta ló wá ń jẹ núdùsù tí mo rí páálí rẹ̀ lẹ́yìn káńtà? Dá iye kan fún ara rẹ, kó kéré, kó sì wà lára owó ìnáwó. Ìwọ àti ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í ṣe ènìyàn kan náà.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni àgbàtà, òun gan-an lò ń ṣe. Ẹni tó bá gba ọjà ọlọ́jà láti bá a tà, àgbàtà ló ń ṣe. Ó lè tó ọjà náà sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kó nu eruku orí rẹ̀ láràárọ̀, kó ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Títí dìgbà tó bá sanwó, ọlọ́jà ló ni í. Mo wá ń ronú pé bóyá pátákó orúkọ rẹ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù yẹn ló tàn ọ́. O rí "Mojísọ́lá" lókè, o wá rò pé ohun gbogbo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Mojísọ́lá ló ni í.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí i, lórí gbèsè àti èlé, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ láti àná ló yẹ kí o gbọ́ báyìí.

Ní àárọ̀ àná tí í ṣe ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Bàbá Olùṣọ́ nílé. Ẹ̀kọ ló ń mu, Akápò ìjọ sì jókòó tì í. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, owó àkọ́so tí Mojí gbé wá, kì í ṣe owó Mojí."

Akápò ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Ìyá, a ti gbàdúrà sí i. Ṣé ẹ fẹ́ ká lọ yọ àdúrà náà kúrò ni?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó ní, "Owó ta ni?"

Mo ní, "Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, owó Àlàájà Sàlámátù ni."

Bàbá gbé ife sílẹ̀. "Àlàájà tó wà nídìí ibùdókọ̀?"

"Òun ni, Bàbá."

"Á jẹ́ pé owó Àlàájà ni mo gbé sókè fún Ọlọ́run lánàá, tí mo ní kó wo ohun tí ọmọbìnrin wa fi rúbọ?" Ó yíjú sí Akápò. "Ṣé ẹ ti ná nínú rẹ̀?"

Akápò ní rárá, ó ṣì wà nínú àpótí.

Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó wá bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́, Yorùbá ìwé ni mo yí i sí fún ọ níhìn-ín. Ó ní òun ò bínú sí ọ, ọkàn rere lo fi ṣe é, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tí òun ń sìn kò ní kí ẹnikẹ́ni mú ohun olóhun wá fún òun. Ó ní àwọn yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n wọn ò lè kó o lé èmi lọ́wọ́, torí kì í ṣe èmi ni mo gbé e wá, bí wọ́n bá sì ṣe é fún mi, ìyá ẹlòmíràn á dé lọ́la. Ó ní kí ìwọ fúnra rẹ wá gbà á lọ́la, ọjọ́rú, lẹ́yìn ìsìn. Kò ní sí èrò. Àwọn àgbà mélòó kan ni yóò wà níbẹ̀.

Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀. Mo ní kí n yà sọ́dọ̀ Àlàájà kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mojí, ó ti gbọ́!

Bó ṣe rí mi lókèèrè ló ti ń pàtẹ́wọ́. "Ìyá Mojí! Ẹ wọlé, ẹ jókòó! Wọ́n ti ròyìn fún mi o. Wọ́n ní owó tí Mojí kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ń ya gbogbo ènìyàn. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ni, èmi ni mo kó ọjà fún un. Bí ìdúpẹ́ bá lè pọ̀ tó yẹn, mo mọ̀ pé tèmi ti wà nílẹ̀ dáadáa."

Kò tán síbẹ̀. Ó ní nítorí ìròyìn yẹn, òun ti pe àwọn tí òun ń gba ọjà lọ́wọ́ wọn ní Àkúrẹ́, òun ti sọ fún wọn pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ wá san owó wọn, kí wọ́n sì di ẹrù mìíràn sílẹ̀, kí ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí Mojí ń tajà. Ó gbé omi tútù fún mi. Mo mu ún tán, mo tún tọrọ òmíràn. Mo wá sọ fún un.

Ẹ̀rín rẹ̀ ò tètè lọ lójú, torí kò kọ́kọ́ yé e. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Àlàájà."

"Kò yọ tèmi sílẹ̀?"

"Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Kò yọ tiẹ̀ gan-an."

Ó rọra jókòó sórí àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó dìde, ó ta bàtà òjò fún un, ó fún un ní ṣéńjì, ó padà wá jókòó. Ó wá bi mí pé, "Ìyá Mojí, ta ló dúró fún un?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, èyí tí èmi fúnra mi ò mọ̀ tán títí di àárọ̀ òní: onídùúró. Onídùúró ni ẹni tó bá sọ fún olówó pé, "Bí ẹni yìí ò bá san, ẹ mú mi." Mo sọ ọ́ fún Àlàájà lójú rẹ, o rántí? Mo tún lu àyà mi. Kí n má purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ iyì ni mo kà á sí, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fúnra wọn kí ọmọdé lè rí nǹkan gbà. Mi ò rò ó pé ẹnikẹ́ni lè mú un ní bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn ọkùnrin tó ń bá Àlàájà gbé ẹrù ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Wọ́n ní, "Màámi, Àlàájà ní ká wá kó epo." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó fẹ́ ra epo ni, mo tilẹ̀ bi wọ́n pé kéègì mélòó ló fẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wolẹ̀, ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ni, Màámi."

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Àlàájà! Epo mi?"

Ó ní, "Ìyá Mojí, ẹ má bínú. Àwọn ará Àkúrẹ́ ò mọ Mojí, wọn ò sì mọ̀ yín. Èmi ni wọ́n mọ̀. Bí Mojí bá gbé owó mi dé kí n tó gbéra lọ́jọ́bọ̀, epo yín ń padà bọ̀ wá bá yín. Bí kò bá dé, màá tà á, màá fi kún owó tí mò ń mú lọ."

Mo ní, "Àlàájà, èmi àti ẹ̀yin!"

Ó ní, "Èmi àti ẹ̀yin ṣì wà, Ìyá Mojí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráyè kó o."

Mojí, mo dúró lójú ọ̀nà, àwọn aládùúgbò ń wò mí. Wọ́n fi sùúrù gbé e, wọn ò ta á sílẹ̀. Epo tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà tí ó ti pọ̀ lọ́jà, tí mo fẹ́ dúró tà nígbà tó bá wọ́n, ojú owó mi ni, gbogbo ohun tí mo ní láyé yìí. Mo wá ohun tí màá fi bínú sí Àlàájà, mi ò rí i. Ọjà rẹ̀ ló kó sílẹ̀. Èmi ni mo lu àyà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe ìbínú. Bí epo yẹn bá lọ, mi ò mọ ohun tí màá fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ orí tí mo wà yìí.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Wá sí ìsìn ọjọ́rú. Má wọ dúdú, má tẹ orí kodò bí ọ̀daràn, ìwọ ò jalè. Kúnlẹ̀ fún Bàbá Olùṣọ́, gba owó náà lọ́wọ́ wọn, sọ fún wọn pé o ṣeun. Mú un lọ tààrà sọ́dọ̀ Àlàájà kí ilẹ̀ tó ṣú. Má yà sọ́dọ̀ mi, má yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, má dúró ra búrẹ́dì. Yọ tirẹ̀ fún un lójú ara rẹ̀. Bó bá bá ọ wí, gbà á. Lẹ́yìn náà, lọ sílé, yọ owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ àti ohun tí yóò jẹ́ owó iṣẹ́ rẹ. Èyí tó bá kù, bó ti wù kó kéré tó, mú ohun tí ọkàn rẹ bá fẹ́ níbẹ̀, tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá jẹ́ náírà mélòó kan péré, màá jáde wá bá ọ jó dé pẹpẹ, màá jó dáadáa. Ìjó tí mo fẹ́ jó lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lára mi.

Awakọ̀ tó ń ná Aládé ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo ti ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Igbe tí mo ké níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, mo tọrọ àforíjì. Ìpayà ló fà á.

Ohun kan ló kù. Lọ́sàn-án òní, mo fẹ́ se ọbẹ̀. Mo gbé ìgò, mo wọ yàrá epo mi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá. Mo wé gèlè, mo lọ ra epo ìgò kan lọ́wọ́ obìnrin tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra epo tó ń tà. Ó wò mí títí. Ó ní, "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ tọ́ epo mi wò ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.